Ìwọ̀n Oúnjẹ, Ìwọ̀n Oògùn

 

Àwọn àgbà wa a máa wí pé iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá ni à ń jẹ ẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí kò purọ́, nítorí pé ẹni tí ó jí kí àkùkọ tó kọ, tí ó fi ẹsẹ̀ rìn dé oko, tí ó kọ ebè títí oòrùn fi kan àtàrí, tí ó sì tún ru igi padà wálé nírọ̀lẹ́, gbogbo òkèlè tí ó bá gbé mì ni iṣẹ́ ti ń dúró dè nínú ara rẹ̀. Bí ọkà ti ń wọlé ni agbára ń jáde, tí kò fi sí èyí tí yóò ṣẹ́kù sínú ẹ̀jẹ̀ tí yóò di wàhálà. Oògùn ni ọkà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Ilẹ̀ Ifákò ní Èkó tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ yìí, oko ni nígbà kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá, níhìn-ín ni Jacob Kẹ́hìndé Coker, gbajúmọ̀ oníṣòwò ará Èkó, òpómúléró ìjọ African Church, ti dá oko kòkó àti oko obì, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì dá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Agége sílẹ̀ ní 1907, tí ó fi jẹ́ pé láti sàkáání wa yìí ni ìmọ̀ kòkó gbígbìn ti tàn lọ sí ọ̀pọ̀ ìlú òkè, tí obì Agége sì ń bá ọkọ̀ ojú irin lọ sí ilẹ̀ Haúsá. Kòkó ti lọ báyìí, obì ti lọ, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ilé alájà méjì ni ó gba ipò wọn. Ọmọ àgbẹ̀ di ẹni tí ń jókòó ti ẹ̀rọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìyá tí ìbá máa kiri ọjà jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Láti ilé dé ibùdókọ̀ tí kò jìnnà ju ibi tí a lè ju òkò dé lọ, ọ̀kadà ni a ń wọ̀. Ẹsẹ̀ ti sinmi, apá ti sinmi, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀fun kò tíì gbọ́ pé iṣẹ́ ti dín kù. Òkèlè tí bàbá wa fi ń kọ ebè náà ni a ń gbé, a sì tún ń fi mínírà tì í wọlé.

Ní tòótọ́ ni wọ́n sọ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ṣúgà, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní àtọ̀gbẹ, ni mo gbé wá láàárọ̀ yìí, àti ní pàtàkì irú rẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní irú kejì, èyí tí ó ń bá àgbàlagbà jà jù, tí ó sì jẹ́ ti èyí tí ó pọ̀ jù nínú gbogbo àwọn tí àrùn náà mú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ bí a ti ń sọ ọ́ ládùúgbò, nílé ìjọsìn, níbi ìsìnkú, lábẹ́ ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun: ẹnì kan yóò ní ìrẹsì ni èèwọ̀ rẹ̀, ẹnì kejì yóò ní iṣu ni, ẹnì kẹta yóò bura pé láti ọjọ́ tí òun ti ń jẹ wíìtì nìkan ni ara òun ti dá. Èèwọ̀ ni a fi ọ̀rọ̀ náà ṣe, bí ẹni pé òrìṣà kan ni ó ń bínú sí wa. Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni, ìwọ̀n ohun tí a jẹ àti ìwọ̀n ohun tí a fi wò ó, lójoojúmọ́, fún ìyókù ayé ẹni. Ó sì dùn mọ́ ènìyàn láti sá fún èèwọ̀ ju kí ó máa wọn nǹkan lọ, nítorí pé èèwọ̀ kò béèrè ìrònú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí àrùn náà ti ń ṣiṣẹ́. Iṣu, gààrí, ìrẹsì, búrẹ́dì, ògì, gbogbo wọn ni inú wa ń lọ̀ di ṣúgà, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń gbé e káàkiri ara. Ẹ̀yà ara kan wà tí ó fara pamọ́ sẹ́yìn àpòlúkù, òun ni ó ń tú omi kan jáde tí a ń pè ní ínsúlìn, ínsúlìn yìí ni ó sì ń jẹ́ kí ẹran ara lè gba ṣúgà náà lò. Nínú irú kejì àrùn yìí, ẹran ara a di alágídí, kò ní gbọ́ràn sí ínsúlìn mọ́ bí ó ti yẹ, pàápàá bí ọ̀rá bá ti gba inú ikùn kan. Ẹ̀yà ara tí mo wí náà a sì máa ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ṣúgà a wá máa wọ́jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Kò ní dunni, kò ní gúnni, kò ní dá wa dùbúlẹ̀ gbalaja. Gbogbo alángbá ni ó danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ọ̀pọ̀ ni yóò máa gbé e kiri fún ọdún púpọ̀ kí ó tó di pé òùngbẹ ń gbẹ wọ́n ṣáá, tí ìtọ̀ ń jí wọn lóru, tí ojú ń ṣe bàìbàì, tàbí tí egbò kékeré kan lẹ́sẹ̀ kọ̀ tí kò jinná.

Ohun tí ó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ń ṣe. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládipọ̀ Akinkugbe darí yẹ orílẹ̀-èdè yìí wò, tí wọ́n sì gbé àbọ̀ wọn jáde ní 1997, ìdá 2.2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbàlagbà ni wọ́n bá àrùn yìí lára wọn. Nígbà tí àwọn dókítà mìíràn kó oríṣiríṣi ìwádìí jọ ní 2018, iye náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 6. Ẹ ka èèyàn ogún tí ó ti bàlágà lórí ìlà níbi tí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ní Ìjú. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn ní in.

Mo fẹ́ kí a wọ ilé oúnjẹ kan lọ báyìí, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bukátéríà lẹ́bàá títì ni, ago kan ọ̀sán ti kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ ti dé. Olóńjẹ fi ìgbákọ bu àmàlà dúdú tí ooru ń jáde lára rẹ̀, ó gbé òkìtì kan kalẹ̀, ó wo ojú oníbàárà, ó ní, “Ṣé ó tó, bọ̀dá?” Oníbàárà ní, “Ẹ tún gbé ọ̀kan lé e, màámi.” Ó gbé e lé e. Lẹ́yìn náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bu ewédú, ṣíbí ọbẹ̀ kan, gbẹ̀gìrì ṣíbí kan, ó da ọbẹ̀ ata lé e lórí, ó wá fi ẹran kan àti pọ̀nmọ́ méjì parí rẹ̀. Ẹ wo abọ́ náà dáadáa. Nínú gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀, kò sí èyí tí ó jẹ́ májèlé. Ewédú dára, gbẹ̀gìrì tí a fi ẹ̀wà sè dára gan-an ni, ẹran dára, àmàlà náà kò ṣẹ̀. Ohun tí ó burú ni pé òkìtì méjì ni èyí tí ń di ṣúgà, nígbà tí ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà tí ìbá dí i lọ́wọ́ kò ju ṣíbí méjì lọ.

Bí alárùn ṣúgà bá jókòó sídìí abọ́ yìí, kò sí ìdí tí yóò fi sá. Kí ó gba òkìtì kan, èyí tí kò tóbi ju ìkúùkù rẹ̀ lọ. Kí ó bẹ olóńjẹ kí ó fi ewédú àti gbẹ̀gìrì kún un, kí ó ra ẹ̀fọ́ rírò lọ́tọ̀ bí owó bá wà, kí ẹja tàbí ẹran sì gba ipò pọ̀nmọ́ kan. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ń lò ni pé kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì abọ́, kí ẹja, ẹran, ẹyin tàbí ẹ̀wà gba ìdá kan nínú mẹ́rin, kí òkèlè tàbí ìrẹsì sì gba ìdá kan tí ó kù. Àwọn olùwádìí kan ní ìlú New York tún fi hàn ní 2015 pé bí alárùn yìí bá kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹran, tí ó fi oúnjẹ oníṣúgà ṣe ìkẹyìn, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í ga tó ti ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí oúnjẹ oníṣúgà. Mo mọ̀ pé ará ilé wa yóò rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá rí àgbàlagbà tí ń lá ẹ̀fọ́ kí ó tó fọwọ́ kan òkèlè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ wíìtì àti èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń kọ́? Àwọn wọ̀nyí ni àwọn aráàlú gbà pé wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ ìwọ̀n. Ìyàwó rere a ro wíìtì fún ọkọ rẹ̀ tí kò sàn, a rò ó tó orí ọmọdé, ọkọ a sì jẹ ẹ́ tán láìbẹ̀rù, torí wọ́n ti sọ fún un pé oúnjẹ alárùn ṣúgà ni. Òótọ́ ni pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n kì í yára di ṣúgà bí èyí tí ó pọ́n, tí àlìkámà tí a kò bó èèpo rẹ̀ dànù sì dára ju ìyẹ̀fun funfun lọ. Síbẹ̀, bí wọ́n bá pọ̀ jù nínú abọ́, ṣúgà ni wọn yóò dà. Oyin pàápàá, tí àwọn kan ń fi ṣíbí dà sínú tíì nítorí pé ìgbẹ́ ni wọ́n ti gbé e wá, ṣúgà ni. Ọsàn dára bí a bá bó o jẹ. Bí a bá fún omi ọsàn márùn-ún sínú ife kan ṣoṣo, a ti kó ṣúgà wọn jọ, a sì da ohun tí ìbá fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn nù. Ẹ̀wà ni mo fẹ́ gbóríyìn fún jù, ẹ̀wà sísè, mọ́ínmọ́ín, gbẹ̀gìrì, nítorí pé oúnjẹ tálákà tí ó ń ṣe ohun tí oúnjẹ olówó kò lè ṣe ni, díẹ̀díẹ̀ ni ó ń tú ṣúgà rẹ̀ sílẹ̀.

Ó kù búrẹ́dì, a kò sì lè sọ̀rọ̀ oúnjẹ ní sàkáání Agége kí a fo búrẹ́dì. Ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, tí ó wá sí Èkó ní 1913 láti ṣe akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, ni ó sọ búrẹ́dì yíyan di òwò ńlá ní ìlú yìí, tí wọ́n fi ń pè é ní ọba oníbúrẹ́dì. Láti ìgbà náà ni búrẹ́dì ti ń gbilẹ̀ títí Agége fi gba oyè rẹ̀ mọ́ gbogbo ìlú lọ́wọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Èmi kò ní sọ fún òṣìṣẹ́ tí ó bọ́ sẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ ní ago mẹ́fà àárọ̀ pé kí ó má jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà àgànyìn. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun funfun tí ó fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ nínú ikùn kí ó tó di ṣúgà. Kí ẹ̀wà pọ̀ nínú abọ́, kí búrẹ́dì má kọjá ègé méjì tí kò nípọn, kí omi tútù sì rọ́pò mínírà. Ìgò mínírà tí ó jẹ́ 35cl lè ní ṣúgà bíi ṣíbí tíì mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá nínú. Ìjọba àpapọ̀ fi òfin ìnáwó 2021 gbé owó orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan irú ohun mímu bẹ́ẹ̀, èyí tí ó já sí náírà 3 àti kọ́bọ̀ 50 lórí ìgò kan. Mo sì rò pé kò sí ẹnikẹ́ni ní Ifákò tí ó tìtorí kọ́bọ̀ wọ̀nyẹn gbé ìgò kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sórí oògùn. Oògùn tí dókítà máa ń kọ́kọ́ kọ fún ọ̀pọ̀ alárùn yìí ni metformin, èyí tí àwọn àgbàlagbà kan ṣì ń fi orúkọ Glucophage béèrè ní kẹ́míìsì. Láti ara ewé ni ìmọ̀ rẹ̀ ti wá. Ewéko kan ń hù ní ilẹ̀ Yúróòpù tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Galega officinalis, àwọn ará ìgbàanì níbẹ̀ a sì máa lò ó fún onírúurú àìsàn. Àwọn onímọ̀ tú u wò, wọ́n rí ohun tí ń fa ṣúgà wálẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n rí i pẹ̀lú pé ó lè pa ènìyàn, wọ́n sì ń wá ìbátan rẹ̀ tí ó ní ìwà tútù títí dókítà Jean Sterne fi gbé metformin jáde ní ìlú Paris ní 1957. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé òyìnbó kò ka ewé sí, ẹ rọra. Ewé ni wọ́n lọ bá. Ohun tí wọ́n fi kún ewé ni ìwọ̀n: wọ́n mọ iye tí ó wà nínú hóró kan, wọ́n mọ iye tí ara lè gbà, wọ́n sì mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ó bá pọ̀ jù.

Ibẹ̀ ni ẹjọ́ mi pẹ̀lú àgbo wà. Èmi kò bú àgbo, inú ilé tí wọ́n ti ń sè é ni wọ́n ti tọ́ mi. Ewúro wà níbẹ̀, tí ó korò bí òtítọ́, àwọn olùwádìí wa náà sì ń yẹ ọ̀pọ̀ ewé wò ní yunifásítì. Ṣùgbọ́n ife tí ìyá alágbo bù fún mi lónìí àti ife tí yóò bù lọ́la kò dọ́gba, kò mọ iye tí ó wà nínú wọn, èmi náà kò mọ̀ ọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì fi ògógóró rẹ. Bí mo bá dà á lé oògùn dókítà lórí, ṣúgà lè já wálẹ̀ lójijì; bí mo bá tìtorí rẹ̀ pa oògùn dókítà tì, ṣúgà yóò máa gòkè ní ìkọ̀kọ̀, nígbà tí mo ń sọ fún gbogbo ayé pé ara mi ti le.

Metformin a máa da inú rú fún àwọn kan ní ìbẹ̀rẹ̀, ìgbẹ́ a máa ṣí wọn, èébì a máa gbé wọn. Nítorí èyí ni dókítà fi ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwọ̀n kékeré, nígbà púpọ̀ mílígíráàmù 500, tí ó sì ń ní kí a máa lò ó pẹ̀lú oúnjẹ. Ẹ ní sùúrù fún un. Ẹ má sọ ọ́ nù ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Oògùn mìíràn wà bíi Daonil, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ glibenclamide, àti glimepiride. Àwọn wọ̀nyí ń ti ara láti tú ínsúlìn jáde, ẹni tí ó bá gbé wọn mì tí kò sì jẹun wà nínú ewu. Òógùn a bò ó, ọwọ́ a máa gbọ̀n, ebi a máa pa á bí ẹni tí kò jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ a máa yí bí ti ọ̀mùtí. Bí irú èyí bá bá ẹnìkan yín, tí ó sì ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ fi ṣíbí ṣúgà mẹ́ta sínú omi fún un, tàbí ẹ fún un ní ìdajì ìgò mínírà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bú tán yìí, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ tún yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí ó sì jẹun lẹ́yìn náà. Bí ó bá ti dákú, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ.

Ẹ̀yin ará wa Mùsùlùmí tí ẹ pọ̀ jaburata ní Agége àti Ifákò, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ní oṣù Ramadan. Ẹ lọ bá dókítà yín ní oṣù kan tàbí méjì ṣáájú, kí ó sọ bóyá ara yín lè gba ààwẹ̀, kí ó sì pín oògùn yín sí sààrì àti ìṣínu. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀sìn ni ó gbà pé gígún ìka fún àyẹ̀wò kì í ba ààwẹ̀ jẹ́. Bí ẹ̀rọ bá sì sọ pé ṣúgà ti wà ní ìsàlẹ̀ 70 mg/dL, ẹ ṣínu lójú ẹsẹ̀.

Ínsúlìn alábẹ́rẹ́ ni àwọn ènìyàn wa ń bẹ̀rù jù lọ. Wọ́n ní bí dókítà bá ti mẹ́nu bà á, ikú ni ó kàn. Ìlú Toronto ni Frederick Banting àti Charles Best ti rí ínsúlìn ní 1921; ní oṣù kìíní 1922 ni wọ́n gún ọmọdékùnrin ọlọ́dún 14 kan, Leonard Thompson, ẹni tí irú kìíní àrùn yìí ti sọ di egungun lórí ibùsùn, ó sì yè fún ọdún 13 sí i. Ohun tí ó gba ọmọ náà là ni a wá sọ di ohun tí ń pani. Nígbà tí ẹ̀yà ara tí ń ṣe ínsúlìn bá ti rẹ̀ pátápátá, oògùn ẹnu kò lè tó mọ́. Abẹ́rẹ́ ni ó kù, kò sì sí ìtìjú nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó wá le. Nígbà tí ilé iṣẹ́ apòògùn GSK kéde ní oṣù kẹjọ 2023 pé òun ń fi Nàìjíríà sílẹ̀, tí Sanofi náà sì kéde irú rẹ̀ kí ọdún náà tó parí, tí náírà sì tún ṣubú, iye owó oògùn fò sókè ju bí owó oṣù ti lè bá a dé lọ. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti ń gé hóró oògùn sí méjì, tàbí kí wọ́n lò ó lónìí kí wọ́n fò ó lọ́la. Mo mọ ìdí rẹ̀, èmi kò sì lè bá ẹni tí kò rówó wí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gé oògùn, ẹ sọ fún dókítà tàbí apòògùn pé apá yín kò ká a. Metformin àti glimepiride tí ilé iṣẹ́ wa ń ṣe nílé wà, tí wọn kò wọ́n tó ti orúkọ òyìnbó, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń ṣe. Ẹ tún béèrè nípa Ìlera Èkó, ètò adójútòfò ìlera ti ìpínlẹ̀ wa.

Ẹnìkan lè ní, “Gbogbo wàhálà yìí, kí ni èrè rẹ̀?” Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1977 títí di 1997, wọ́n tọ àwọn alárùn yìí tí iye wọn jẹ́ 5,102 lẹ́yìn. Àwọn tí wọ́n fi oògùn mú ṣúgà wọn sílẹ̀ dáadáa, àìsàn ojú, ti kíndìnrín àti ti iṣan tín-ín-rín fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí ti àwọn tí wọ́n tọ́jú bákan ṣáá. Ní Scotland àti àyíká Newcastle, ìwádìí mìíràn tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2017 fi hàn pé nínú àwọn tí àrùn náà kò tíì ju ọdún mẹ́fà lọ lára wọn, tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ tín-ín-rín kí ara wọn lè fọn fún oṣù mẹ́ta sí márùn-ún lábẹ́ ojú àwọn onímọ̀ ìlera, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tí ṣúgà wọn padà sípò láìlo oògùn lẹ́yìn ọdún kan. Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí kéde pé òun ti rí àwòtán o. Bí ìsanra bá ti padà dé, òun pẹ̀lú ṣúgà ni wọ́n jọ ń wọlé. Kí ẹnikẹ́ni má sì dá a ṣe nílé, pàápàá bí ó bá ń lo Daonil tàbí ínsúlìn.

Nípa àyẹ̀wò, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Bí a kò bá tíì jẹun láti alẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ sì fi 126 hàn, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a tún un ṣe ní ọjọ́ mìíràn tí kò yí padà, àrùn náà ti wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ mìíràn a máa kọ 7 dípò 126. Ọ̀kan náà ni wọ́n, òṣùwọ̀n ni ó yàtọ̀, ẹ má jẹ́ kí 7 tàn yín pé ó kéré. Àyẹ̀wò kan tún wà tí ń sọ bí ṣúgà ti rí láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, èyí tí ẹni tí ó fò oògùn fún oṣù méjì kò lè fi ààwẹ̀ ọjọ́ kan tàn jẹ. Ojú, kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀ ríru, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹsẹ̀, lójoojúmọ́: ẹ yí àtẹ́lẹsẹ̀ yín wò lálẹ́, ẹ má fi ẹsẹ̀ lásán tẹ omi àgbàrá Ìjú lẹ́yìn òjò, ẹ má sì fi abẹ gé kókó ẹsẹ̀. Egbò tí kò dun ọlọ́gbẹ́ ni ó ń gé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọjá ogójì ọdún, ẹ̀yin tí bàbá tàbí ìyá yín ní àrùn yìí, ẹ̀yin tí ikùn yín ti ń ṣáájú yín wọlé, àti ẹ̀yin ìyá tí ẹ bí ọmọ tí ó lé ní kílò mẹ́rin, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe dúró de òùngbẹ. Ilé ìwòsàn ìjọba ti Ifákò-Ìjàyè wà ní College Road, ilé ìwòsàn alábọ́dé sì wà káàkiri àdúgbò. Ẹ̀yin tí ẹ ń dáná fún alárùn, ẹ bá a lọ, nítorí pé ẹ̀yin ni ìgbákọ wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin gan-an ni ó yẹ kí dókítà bá sọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Ẹ má jẹun láàárọ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, omi nìkan ni kí ẹ mu. Bí ó bá jẹ́ pé oògùn ṣúgà ni ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀, ẹ má gbé e mì kí ẹ tó rí oúnjẹ jẹ. Ẹ kó gbogbo oògùn yín sínú ọ̀rá kan dání, kí ẹ sì gbé ìgò àgbo náà mọ́ ọn, kí dókítà lè rí gbogbo ohun tí ń wọ ara yín.